Ọwọ́ Tó Ń Tú Aró

Imú ni Ìyá Ìbejì fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò tíì wo omi náà dáadáa, kò tíì na ọwọ́ sí ohun èlò kankan, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí táńkì, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ fẹ́ afẹ́fẹ́ orí omi wá sí imú ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ gbígbóná wò. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù, ó ní, "Háídírò ṣì wà nínú ẹ̀. Jẹ́ kó sùn díẹ̀ sí i." Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó ti gbé kẹ́ẹ̀gì ásíìdì dání dá a padà sídìí ògiri, kò jiyàn.

Ọmọ Èrúwà ni Ìyá Ìbejì. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ibi iṣẹ́ ń pè é, kò sì yẹ kí èyí ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, torí ní ilẹ̀ Ìbàràpá tiwa, pàápàá ní Ìgbó-Ọrà tí wọ́n ti bí mi, ẹni tí kò bí ìbejì, yóò ní ìbejì nínú ẹbí, tàbí kí ó jẹ́ ìbejì fúnra rẹ̀. Àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ti Èrúwà. Ilé ìpaṣọláró kan ní ẹ̀bá Abẹ́òkúta ló ti ń ṣe é, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe àdìrẹ àti kàǹpálà tí àwọn oníṣòwò ń rà lọ tà ní Ìtòkú. Àwọn yòókù ń kó àwọ̀ sára aṣọ. Òun ló ń kó àwọ̀ kúrò nínú omi tí wọ́n bá fẹ́ dànù. Bó bá wálé ọdún, ó máa ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà fún mi, mo sì máa ń mi orí bí ẹni tó yé. Kò yé mi. Ìyẹn ni mo fi lọ jókòó tì í lọ́jọ́ kan, láti àárọ̀ títí oòrùn fi rọ̀.

Ìdí tí imú fi ń ṣáájú ọwọ́ nínú iṣẹ́ yìí, ọ̀dọ̀ ìyá mi àgbà ni mo ní láti mú un wá. Aláró ni, ní Ìgbó-Ọrà, kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó ní kí ó jókòó kí ó sinmi. Á gún ewé elú lódó, á mọ ọ́n róbótó bí ìṣù irú, á sá a sóòrùn. Ìkòkò méjì gun ara wọn lẹ́yìnkùlé: ti òkè ní ihò nídìí, eérú ló kún inú rẹ̀. Bó bá da omi sí eérú náà, omi á máa kán tó, tó, tó sí ti ìsàlẹ̀, á pọ́n bí tíì tí wọn kò fi mílíìkì sí. Inú omi eérú yẹn ni elú ń wọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, aró á jí, ilé á sì máa rùn. Ìyá àgbà á ti ìka kan bọ̀ ọ́, á fi kan ahọ́n, á tu ú dànù, á dájọ́ pé ó tó tàbí kò tó. N kò rí i kí ó ṣì í rí.

Ohun tí n kò lè gbàgbé ni àwọ̀ aṣọ nígbà tó bá kọ́kọ́ jáde nínú ìkòkò. Kì í ṣe búlúù. Ó máa ń rí bí ewédú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já, ewé tó pọ́n rúsúrúsú. Ìyá àgbà á fún un, á nà án sórí okùn, á ní kí n má fọwọ́ kàn án. Bí mo ṣe ń wò ó ni etí aṣọ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, àárín á tẹ̀ lé e, kí n tó ka ọgọ́rùn-ún, ewédú ti di aró. Mo rò pé idán ni. Mo rò pé inú ìkòkò ni àwọ̀ yẹn ti ń wá, àṣé inú afẹ́fẹ́ ló ti ń wá.

Aró gidi, èyí tó ṣú, kì í yọ́ nínú omi. Ẹ dà á sómi, á kàn máa káàkiri bí eruku. Kó tó lè yọ́ kó sì ráyè wọ inú òwú, ẹ ní láti tì í mọ́ ibi tí ọ́síjìn kò sí, kí àwọn kòkòrò inú ìkòkò sọ ọ́ di ohun mìíràn, ohun tó pọ́n, tó rọ̀, tó ń gbọ́ràn sí omi lẹ́nu. Bí aṣọ bá ti jáde, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ á mú un, á dá a padà sí bó ṣe wà, inú òwú ló sì máa há sí títí ayé. Ọ́síjìn kan náà yìí ló ń sọ irin di ìpẹtà, tó ń sọ iṣu tí a bẹ sílẹ̀ di dúdú. Àwọn onísáyẹ́ǹsì ní orúkọ kan tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí. Ní tèmi, mo máa ń sọ pé afẹ́fẹ́ jẹ ẹ́ ni. Ìyá mi àgbà kò gbọ́ ọ́síjìn rí. Ìyá Màpó ló mọ̀, òrìṣà tó ni aró, tó ni ìkòkò mímọ, tó ni ọṣẹ dúdú, gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ tí obìnrin fi ń jẹun nílẹ̀ wa.

Ní ọdún 1897 ni ilé iṣẹ́ BASF ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró tí ẹnikẹ́ni kò já lórí igi. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, òun nìkan kọ́ ló dé. Kọ́sítíìkì sóódà gba ipò omi eérú. Ohun funfun kan tó dà bí iyọ̀ lílọ̀, èyí tí àwọn aláró ń pè ní háídírò, gba ipò ọjọ́ mélòó kan tí aró fi ń jí. Ó ń ṣe iṣẹ́ àwọn kòkòrò inú ìkòkò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dá ìjà sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní àwọn ọdún 1930, tí Aláké Adémọ́lá fòfin de kọ́sítíìkì àti aró òyìnbó, tí àwọn ìyá aláró fárí gá pé àwọn kò gbà. Ẹ wo Ìtòkú lónìí, ẹ óò mọ ibi tí ìjà náà parí sí.

Ṣùgbọ́n omi ìkòkò ìyá mi àgbà, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń dà á sí, ilẹ̀ á sì mu ún. Ti háídírò kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń lé ọ́síjìn jáde nínú ìkòkò aró yóò lé e jáde nínú odò pẹ̀lú, ẹja á sì máa yanu lókè omi. Odò ló sì so àwa àti wọn pọ̀: Òfìkì tí àwa ará Ìbàràpá mọ̀, omi rẹ̀ ń dé inú odò Ògùn níkẹyìn, Ògùn ló gba Abẹ́òkúta kọjá lọ sí ọ̀sà Èkó. Omi tó ti ọ̀dọ̀ wa lọ ló ń kọjá lẹ́yìnkùlé àwọn aláró.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sí etí táńkì. Ká ní ọmọ iṣẹ́ yẹn da ásíìdì sínú omi tí háídírò ṣì wà nínú rẹ̀, èéfín kan á dìde tó ń ta bí ìgbà tí wọ́n ṣá ìṣáná sí èèyàn nímú, á sì dí i lọ́fun. Bó bá jẹ́ omi aró dúdú kan tí wọ́n fi imí-ọjọ́ ṣe ni, gáàsì tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́ ni yóò jáde, ìyẹn sì ń pa èèyàn. Ìyá Ìbejì kì í fi ọ̀rọ̀ yìí ṣàwàdà. Ó ní imú nìkan kò tó, nítorí bí gáàsì ẹyin bíbàjẹ́ yẹn bá pọ̀ jù, imú gan-an ló ń kọ́kọ́ pa; èèyàn á rò pé òórùn ti lọ. Bébà funfun kan wà nínú àpò rẹ̀ tó ń dúdú tí gáàsì náà bá kàn án. Bébà yẹn ló fi ń jẹ́rìí imú.

Oògùn àkọ́kọ́ kò ju afẹ́fẹ́ lọ. Táńkì náà tẹ́ pẹrẹsẹ, kò jìn, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí ẹ̀rọ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí. (Ìyẹn bí iná bá wà. Bí kò bá sí, ọ̀pá gígùn ni wọ́n fi ń rò ó bí ẹni ń ro àmàlà ìnáwó.) Mo lóṣòó tì í, mo ń wò. Omi náà rí bí ewédú, gẹ́gẹ́ bí aṣọ ìyá mi àgbà. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti hó jáde, òrùka búlúù kan á yọ, á gbòòrò, á lọ bá ìkejì. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ ohun tí mò ń wò. Omi náà ń pa ara rẹ̀ láró. Ohun tí afẹ́fẹ́ ń ṣe fún aṣọ lórí okùn náà ló ń ṣe fún un, àfi pé kò sí òwú tí aró máa há sí. Torí náà ó ń ṣù, ó ń wúwo, ó ń rọ̀ lọ sísàlẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n pa ẹ̀rọ. Lẹ́yìn bíi wákàtí kan, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ búlúù ti tẹ́ nísàlẹ̀, omi orí rẹ̀ sì ti fúyẹ́. Aró tí wọ́n rò pé ó ti ṣòfò, ó tún ti padà di aró.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ti tán nìyẹn?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n tẹ̀ lé òun lọ wo táńkì kejì.

Kẹ́ ẹ tó rí omi táńkì kejì ni ẹ óò ti mọ̀ pé iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Gbogbo etí táńkì ló funfun, ó sé wúruwùru bí ètè ọmọdé nígbà ọyẹ́. Omi inú rẹ̀ pupa bíi sóbò. Àwọ̀ pupa yìí àti ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọ̀ tó máa ń dán lára aṣọ tuntun, kì í ṣe ẹbí aró. Ó yọ́ nínú omi pátápátá, kò sì ní ìfẹ́ sí òwú tó bẹ́ẹ̀, àfi kí wọ́n fi iyọ̀ tì í. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí i lè tó gíráàmù 50 nínú lítà omi kan, nígbà mìíràn ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi òkun gan-an, bíi gíráàmù 35 ló ní. Iyọ̀ yẹn kì í bá aṣọ lọ. Bó bá ti ti àwọ̀ wọnú òwú tán, ó ti ṣe tirẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń bá omi jáde, pẹ̀lú àwọ̀ tí kò rí òwú dì mọ́.

Ibi tí omi ìdọ̀tí kò bá ti ní iyọ̀, kòkòrò àìfojúrí ni wọ́n máa ń kó tì í kí wọ́n jẹ ìdọ̀tí inú rẹ̀. Owó kékeré, iṣẹ́ gidi. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ohun tí iyọ̀ ń ṣe fún ìgbín? Bí ìgbín ṣe ń tú omi ara rẹ̀ dànù tó sì ń súnkì ni àwọn kòkòrò náà ń súnkì nínú omi oníyọ̀. Àwọn tó ń ṣe awọ ní Kánò, ní Challawa àti Sharada, mọ ìyọnu yìí dáadáa, torí awọ ẹran tí wọ́n fi iyọ̀ pamọ́ kó má bàa rà, iyọ̀ yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ fọ̀ kúrò. Níbi tí alààyè kò bá ti lè jẹ ìdọ̀tí, a ní láti wá ohun tí kì í ṣe alààyè tí yóò jẹ ẹ́.

Ohun náà ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti rí i. Ní 1894, Henry Fenton, onímọ̀ kẹ́míkà ní Cambridge, kọ̀wé pé bí èèyàn bá fi iyọ̀ irin díẹ̀ sínú peróksáìdì, yóò jẹ ásíìdì inú èso àjàrà, èyí tí peróksáìdì nìkan kò lè fi bẹ́ẹ̀ ràn. Ogójì ọdún kọjá kí Haber àti Weiss tó sọ ohun tí wọ́n rò pé ó ń ṣẹlẹ̀, ní 1934: irin ń fọ́ peróksáìdì sí wẹ́wẹ́, ẹ̀ka kan lára rẹ̀ sì burú, ebi ń pa á débi pé ohunkóhun tó bá kọ́kọ́ bá pàdé ló máa bù jẹ. Kì í pẹ́ láyé. Kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti jẹ, ó sì ti kú.

Ìyá Ìbejì kì í gbé ohun tó burú báyẹn lọ sínú táńkì láìtíì dán an wò. Ó bu omi pupa náà sínú ike márùn-ún, lítà kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sórí tábìlì onísìmẹ́ǹtì lábẹ́ igi máńgòrò. Ásíìdì ló kọ́kọ́ lọ, omi bátìrì tí àwọn rewáyà mọ̀. Kò dà á. Ó gbé ọ̀pá dígí kan dúró nínú ike, ó jẹ́ kí ásíìdì máa tọ ara ọ̀pá náà sọ̀kalẹ̀ bí òjò ṣe ń tọ okùn aṣọ, ọwọ́ kejì ń rò ó. Ẹ̀rọ kan wà tó ń ka bí omi ṣe kan tó, ó fi kọ́rùn, ṣùgbọ́n ó ní iyọ̀ ń tàn án jẹ, torí náà ó ń fi bébà mìíràn dọ́gba rẹ̀. 3 ló ń wá. Bó bá wọ 4, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà kó tó ṣiṣẹ́; bó bá já wálẹ̀ ju 2 àbọ̀ lọ, iṣẹ́ á máa fà. Mo kà á, ní ike kẹta: ìkán mẹ́rin, ó dúró, ìkán kan, ó dúró, ó wo bébà, ó tún kán ìdajì ìkán, bí irú ìyẹn bá ṣeé ṣe, ó fi ẹnu ọ̀pá fà á já kúrò lẹ́nu ìgò. Ó lọ sí ìkẹrin.

Irin ló tẹ̀ lé e. Iyọ̀ irin náà ní àwọ̀ bí ewé rírọ̀, ó ń dán bí ìgò Sprite tí wọ́n fọ́ wẹ́wẹ́. Ó ń ṣà á bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Èyí tó bá ti ní àbàwọ́n pupa, afẹ́fẹ́ ti jẹ ẹ́, ó ti gbó, ó sọ ọ́ sẹ́yìn. Ó yọ́ èyí tó dára lójú ẹsẹ̀. Ó ní èyí tí wọ́n yọ́ lánàá, omi ìpẹtà lásán ni lónìí.

Peróksáìdì ló kẹ́yìn, ibẹ̀ sì ni mo ti rí ohun tí wọ́n ń pè ní ọwọ́. Ìwọ̀n tó wà fún ike kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, ṣùgbọ́n kò da èyíkéyìí lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀nà márùn-ún ló pín in sí. Bí ó bá da díẹ̀ sí i, omi á ṣe ṣàà, ìhó wẹ́wẹ́ á gun òkè, yóò sì gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé ara ike náà. Mo ní kí ló ń wá. Ó ní ooru. Mo gbé ẹ̀yìn ọwọ́ tèmi lé e, ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ọmọ tí ibà fẹ́ mú. Nígbà tí ooru yẹn bá rọlẹ̀ ló mọ̀ pé èyí tó kọ́kọ́ dà ti jẹun tán, á wá da ìkejì. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sọ fún mi pé nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, òun da gbogbo rẹ̀ papọ̀ kí iṣẹ́ lè yá: ó hó, ó gbóná, ó kún jáde, àwọ̀ kò sì lọ. Bí àwọn ẹ̀ka oníkanra tí irin bí yẹn bá pọ̀ jù lójú kan, ara wọn ni wọ́n ń jẹ.

Mo wo ike kẹrin títí. Sóbò rẹ̀ kò mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kọ́kọ́ ṣú sí i, bí omi obì. Ọkàn mi já. Ó wá pọ́n bí òróró, ó di omi àgbọn, ó sì dúró síbẹ̀. Ike karùn-ún tó gba peróksáìdì jù, kò dára ju ìkẹrin lọ. Ó kọ nọ́ńbà ìkẹrin sílẹ̀. Iṣẹ́ àárọ̀ kan gbáko nìyẹn, kí ó lè mọ̀ pé ìdáwọ́lé ńlá kò nílò ìná ńlá.

Iyọ̀ ni kò jẹ́ kí ó mọ́ kíákíá. Ẹ gba alágbàṣe mẹ́wàá pé kí wọ́n wá ro oko ẹ̀gẹ́ yín, kí ẹlẹ́mu wá gbé agbè rẹ̀ kalẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà oko. Ẹ óò san owó mẹ́wàá, mẹ́ta ló máa dé ìdí ẹ̀gẹ́. Iyọ̀ ọbẹ̀ ni ẹlẹ́mu yẹn. Ẹ̀ka olójúkòkòrò tí irin bí, iyọ̀ ló ń kọ́kọ́ bá pàdé, torí iyọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Yóò bù ú jẹ, ohun tí yóò bí kò ní agbára bíi tirẹ̀, ó sì lè lọ fi kiloríìnì há ara ìdọ̀tí, ìyẹn sì burú ju ìdọ̀tí àkọ́kọ́ lọ. Nítorí èyí, Ìyá Ìbejì kò jókòó sídìí táńkì nìkan. Ó lọ bá àwọn tó ń pa aṣọ, ó bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n yé lo iyọ̀ ọbẹ̀, kí wọ́n máa lo irú iyọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Glauber, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ fa alágbàṣe lọ́wọ́. Àwọn kan gbà. Àwọn kan ní owó rẹ̀ ga. Lójú tèmi, ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti wú mi lórí jù nìyẹn, pé ó mọ̀ pé òkè odò ni wọ́n ti ń ba omi jẹ́.

Ọmọ iṣẹ́ gbé ike kẹrin sókè síwájú oòrùn, ó ní, "Mà, ó ti mọ́!" Ìyá Ìbejì ní kó gbé e sílẹ̀.

Ọmọ Ìbàràpá ni, kò sì yẹ kí ọmọ Ìbàràpá tó ti dàgbà gba omi gbọ́ nítorí pé ojú rẹ̀ mọ́. Ìdèrè wà nínú Ìbàràpá méje. Omi adágún tí wọ́n ń mu níbẹ̀ nígbà kan kò rùn, kò korò. Ọdún kan lẹ́yìn tí èèyàn bá mu ún ni sobìà á yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, lásìkò tó yẹ kó wà lóko gan-an. Àwọn oníṣẹ́ ìlera láti Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n ti fi Ìgbó-Ọrà ṣe ibùdó láti 1963, bá wọn jà á pẹ̀lú aṣọ asẹ́ àti kànga. Ọdún 2013 ni wọ́n tó fọwọ́ sí i pé sobìà ti kúrò ní Nàìjíríà. Ojú kò rí ohun tó wà nínú omi yẹn. Ojú kò sì rí èyí náà: bí wọ́n bá bu aró jẹ, àwọ̀ á lọ, ṣùgbọ́n àwọn èérún rẹ̀ ṣì wà nínú omi. Ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n ń pè ní isatin kàn pọ́n díẹ̀ ni, ẹ lè pè é ní omi mímọ́ bí ẹ kò bá fiyè sí i.

Nítorí náà Ìyá Ìbejì wọ yàrá kékeré kan tó ní fáànù kan ṣoṣo. Ó sè díẹ̀ nínú omi náà pẹ̀lú ásíìdì líle àti díkrómétì, ohun kan tó pọ́n bí ọsàn, ní ooru 150 lórí òṣùwọ̀n Celsius, fún wákàtí méjì. Díkrómétì á jẹ gbogbo ohun tó ṣeé jẹ nínú rẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù nínú díkrómétì fúnra rẹ̀ ni wọ́n á kà, láti mọ iye ìdọ̀tí tó wà. Àní níbí, iyọ̀ tún fẹ́ purọ́: díkrómétì ń jẹ òun náà, omi á wá dà bí ẹni pé ó dọ̀tí ju bó ṣe rí lọ. Ó ń fi iyọ̀ mẹ́kúrì dè é. Mẹ́kúrì sì jẹ́ májèlé, torí náà ìgò kan wà lábẹ́ tábìlì tó ń kó gbogbo àṣẹ́kù ìdánwò sí, tí kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ dà á nù. Peróksáìdì tó bá ṣẹ́kù náà ń purọ́ tirẹ̀. Ó ní, "Àbúrò, nínú iṣẹ́ yìí, ohun gbogbo ló fẹ́ tan èèyàn."

Nígbà tó kan kíkà yẹn, ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lẹ́nu ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní bùrẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ ọ̀tún ń yí ìgò lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń fi omi yí ẹnu kọ́ọ̀bù. Ìkán kan, ó yí i. Omi inú ìgò pọ́n, ó di àwọ̀ ewé, ó di búlúù mọ́ ewé. Ó dẹ ọwọ́. Ìkán kan lórí ẹnu bùrẹ́ẹ̀tì ń wú, kò tíì já. Ó fi ògiri ìgò kàn án. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìsí ìkìlọ̀, gbogbo rẹ̀ di àwọ̀ pupa bí ilẹ̀ Èrúwà. Ó ti pa ẹnu bùrẹ́ẹ̀tì kí n tó mọ̀ pé ó yí padà. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì sí i. Mo wo àwọn nọ́ńbà mẹ́ta náà nínú ìwé rẹ̀, wọ́n súnmọ́ra bí ọmọ ìyá kan náà. Mo rántí ìka ìyá mi àgbà lórí ahọ́n.

Lọ́sàn-án, wọ́n ṣe é nínú táńkì. Iṣẹ́ agbára ni, kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí ooru rọlẹ̀ nígbà ìkẹyìn, ó ní kí wọ́n da láìmù, ìyẹ̀fun tó ń pa agbára ásíìdì, sí i díẹ̀díẹ̀. Òfin NESREA, àjọ tó ń bójú tó àyíká, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2007, kò fẹ́ kí omi tí ilé iṣẹ́ ń dà jáde kan ju 6 tàbí kó ta ju 9 lọ. 8 ló ń lépa. Bí láìmù ṣe wọlé ni irin tó ti yọ́ sínú omi láti àárọ̀ rántí pé ìpẹtà lòun. Ó ṣù jọ, ó rí bí ìgbà tí èlùbọ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sómi, ó ń gbá àwọ̀ tó ṣẹ́kù mọ́ra bó ṣe ń rọ̀ lọ sísàlẹ̀. Aró àárọ̀ sọ̀kalẹ̀ ní búlúù, ti ìrọ̀lẹ́ sọ̀kalẹ̀ ní pupa.

Iyọ̀ ńkọ́? Iyọ̀ wà níbẹ̀ láìyẹsẹ̀. Kò sí ohun tó ń jẹ ẹ́ kúrò. Ẹ lè fi iná àti irin jẹ gbogbo àwọ̀ ayé tán, iyọ̀ á kàn máa wò yín. Omi tó mọ́ yìí kò ṣeé bu rin ẹ̀fọ́. Ẹ̀rọ tó lè sẹ́ iyọ̀ kúrò wà láyé, kò sí níbẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni àwọn agbada onísìmẹ́ǹtì tó tẹ́ pẹrẹsẹ sójú oòrùn, tí wọ́n ń fa ìwọ̀nba tó bá ṣeé ṣe sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó fi ọ̀bẹ ha ọ̀kan hàn mí: funfun, ó ní ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbà tí epo bá kán sí iyọ̀. Ó ní nígbà òjò, òun kì í sùn dáadáa.

Nígbà tí àwọn aláró ń palẹ̀ mọ́, mo wo ọwọ́ wọn, ó dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Mo wo tirẹ̀. Ìpẹtà ti wọ gbogbo abẹ́ èékánná rẹ̀, ó pọ́n bí ẹni tó fi ọwọ́ lásán bẹ obì. Ó gé ọsàn wẹ́wẹ́ kan sí méjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ra ìka wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, omi ọsàn náà ń tú ìpẹtà kúrò bí mo ṣe ń wò. Nígbà tó parí ọwọ́ kan, ó gbé e sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wá bi mí bóyá mọ́tò Èrúwà ṣì máa wà ní gáréèjì títí aago méje.